Ta Ní Ń Bomi Rin Má-fomi-pa-mí?

Alágbàfọ̀ kò fi omi kan ìkòkò ewé náà láti ogún ọjọ́ sẹ́yìn, síbẹ̀síbẹ̀ erùpẹ̀ inú rẹ̀ tutù rinrin ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó sì wò ó. Erùpẹ̀ dúdú lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó wo fèrèsé. Fèrèsé wà ní títì, eruku sì bo ìkọ́ tí a fi há a. Ó gbé ojú sókè wo àjà. Àjà kò jò. Nígbà náà ni ó rántí ẹni tí ó ni yàrá tí òun dúró sí, gbogbo irun ara rẹ̀ sì dìde.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó ni yàrá náà, nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti kú láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ewé tí ó wà nínú ìkòkò yẹn kò ga ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Ìbátan àbámodá ni: ewé rẹ̀ ki, wọ́n kún fún oje, wọ́n sì tò yípo ara wọn bí àwọn ènìyàn tí wọ́n forí jọ sọ̀rọ̀ àṣírí. Irú ewé bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí pé inú ara rẹ̀ ni ó ń tọ́jú omi sí. Omi àpọ̀jù ni ọ̀tá rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun ní ìlú mìíràn tí ó jìnnà, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ ní Má-fomi-pa-mí, nítorí ó mọ irú ilé tí ó ń fi í sílẹ̀ sí. Omi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Omi náà ni bàbá wọn, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi ìjọba, fi ṣiṣẹ́ jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì ti tó o," ni ó wí. "Bó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ bomi rin ín, ẹ yáa wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, kẹ́ ẹ lọ fọ aṣọ oníaṣọ."

Nọ́ọ̀sì kò fẹ́ ọkọ, kò sì bímọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹbí pín bàtà rẹ̀, àpótí rẹ̀ àti rédíò rẹ̀. Alágbàfọ̀ kò bá wọn dá sí i. Ìkòkò yẹn nìkan ni ó tọrọ, ó sì ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù láyé tí ọwọ́ àbúrò òun gbìn kò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí ó fi aṣọ òtútù tẹ́, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù méjì, ọ̀kan tí ń lo iná mànàmáná, ọ̀kan tí ń lo èédú fún ìgbà tí iná bá lọ. Bàsíà sítáàṣì wà lábẹ́ tábìlì. Okùn tí ó nà láti ògiri dé ògiri ni ó ń fi aṣọ kọ́, ìpẹ̀kun okùn náà lọ́hùn-ún sì ni ti àwọn aṣọ tí àwọn tí ó ni wọ́n kò padà wá gbà: kóòtù ọkùnrin tí ó kó kúrò ní àdúgbò, kaba ìyàwó tí kò ṣe ìgbéyàwó mọ́, ṣòkòtò ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó ti gbàgbé pé òun ní ṣòkòtò. Yúnífọ́ọ̀mù funfun kan wà láàrin wọn. Nọ́ọ̀sì ni ó fi í sílẹ̀ pé òun yóò mú un nígbà tí òun bá wá kí wọn. Alágbàfọ̀ ti fọ̀ ọ́, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó sì ti lọ̀ ọ́ kí ó tó gbọ́ ìròyìn. Nígbàkúùgbà tí fáànù bá fẹ́, apá yúnífọ́ọ̀mù yẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ mì.

Bàbá wọn kò mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó wà nígbà náà, tí àyà ń dùn ún, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí wọn má ṣe jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí yóò bà á lọ́kàn jẹ́. Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ káfíńtà, ni ó gbé irọ́ náà kalẹ̀: wọ́n ní nọ́ọ̀sì rí iṣẹ́ sí òkè òkun, pé ọdún méjì ni yóò lò níbẹ̀. Alágbàfọ̀ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń gbá ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ó sì ń gbá a lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, erùpẹ̀ tún tutù. Ní ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, bákan náà ni. Kò fi ọkàn sí bàbá rẹ̀ rárá, nítorí ọ̀pá ni Bàbá fi ń rìn, alágbàfọ̀ kò sì tí ì rí i kí ó dá rìn kọjá àga rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ilé ìwòsàn dé. Kò sì fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá náà, nítorí ó ń ṣe é bíi pé bí òun bá tì í, àbúrò òun ni òun tì mọ́ ìta. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí gbóòórùn páúdà nọ́ọ̀sì ní ẹnu ọ̀nà. Ó ṣàkíyèsí pé àga inú yàrá náà ti sún mọ́ fèrèsé ju ibi tí òun mọ̀ ọ́n sí lọ.

"Àbúrò mi," ni ó wí fún yàrá òfìfo ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tí ó ń tọrọ gáfárà lọ, "ìwọ náà lo ní kí n má fomi pa á. Kí ló dé tó o tún ń bu omi sí i?"

Ewé kan já bọ́ lára Má-fomi-pa-mí níṣojú rẹ̀. Nígbà tí ó mú un, ó rí i pé ó ti di pupa rúsúrúsú, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá, ó sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ wá tọrọ omi gbígbóná ní ọjọ́ kejì, ó sì bá a tí ó gbé ìkòkò náà sí inú oòrùn. Ọkùnrin yìí kì í lè dákẹ́. Àwọn tí ó ń gé irun fún kò tilẹ̀ ní ibi tí wọn yóò sá sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ewé náà sùn-ùn.

"Ìyá Alágbàfọ̀, ewé yín yìí mà ti yó o. Ó ti sanra ju gbogbo oníbàárà yín lọ."

Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun náà ní irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí òun, pé ìdí èyí ti ń rà, àti pé bí ẹni tí ń bu omi sí i kò bá ṣíwọ́, kò ní lo ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ó béèrè ẹni tí ń bu omi sí i. Alágbàfọ̀ kò mọ èsì tí òun lè fọ̀ tí kò ní sọ òun di ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, nítorí náà ó bu omi gbígbóná fún un, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọjọ́ tí iná lọ ní aago méje àárọ̀ ni ó mọ òtítọ́. Ó fi aṣọ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bu èédú. Ilẹ̀kùn yàrá àbúrò rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ó gbọ́ ìró omi tí ń kán sórí erùpẹ̀, to, to, to. Ó di ògiri mú, ó pe orúkọ àbúrò rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó sì fi ìka kan ti ilẹ̀kùn.

Bàbá rẹ̀ ni ó rí. Ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan gbára lé ọ̀pá, ó sì fi ọwọ́ kejì di ife tíì rẹ̀ mú. Kò ta gìrì. Ó da ìyókù omi inú ife sí ìdí ewé náà tán kí ó tó yíjú padà.

"Ìwọ lo fẹ́ fi òùngbẹ pa nǹkan ọlọ́nǹkan," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́. O ò bu omi sí i."

Alágbàfọ̀ ṣàlàyé fún un pé irú ewé yìí kò fẹ́ omi.

"Èwo ni kò fẹ́ omi?" Bàbá jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣí omi fún òpópónà méje. Aago méje kì í lù bá mi nílé. Mi ò tí ì rí ilé kan tó ránṣẹ́ sí mi pé òun ò fẹ́."

Alágbàfọ̀ ní àbúrò òun ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi orí.

"Bí ọmọ yẹn bá ti òkè òkun dé, tó bá nǹkan rẹ̀ ní gbígbẹ nínú ilé mi, ojú wo ni màá fi wò ó? Èyí tó wà láàrin èmi àti ẹ̀ ti tó. Ẹni tó ni ín ni kó sọ fún mi. Bó bá ní kí n ṣíwọ́, màá ṣíwọ́. Tìrẹ kọ́."

Alágbàfọ̀ gbìyànjú àtigbé ìkòkò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó sì kí gbogbo oníbàárà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó bomi rin ín. Ó lọ bá Bàbá Kékeré, ó ní ó yẹ kí àwọn sọ òtítọ́. Káfíńtà náà kò tilẹ̀ gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá nítorí ewé ni ó ṣe fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n òun. Alágbàfọ̀ padà sílé. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, ewé náà yóò kú. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà á pé bàbá òun ni yóò kú. Òkú nìkan ni ó lè bá wọn dá sí i.

Nítorí náà, ó kọ lẹ́tà ní orúkọ àbúrò rẹ̀, pé kí Bàbá má ṣe bu omi sí ewé náà mọ́. Bàbá kò ríran kàwé mọ́, ṣùgbọ́n yóò fẹ́ fọwọ́ kan ìwé náà, nítorí náà ìwé gbọ́dọ̀ wà. Orí tábìlì ìlọṣọ ni ó ti kọ ọ́ ní ọ̀sán, láàrin ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì. Ó pinnu láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bàbá mi ọ̀wọ́n." Nígbà tí ó wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ, "Ọ̀gá Omi" ni ó rí níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ti máa ń pe bàbá wọn láti ìgbà èwe nìyẹn. Alágbàfọ̀ ti gbàgbé orúkọ náà pátápátá, kò sì rántí pé òun rò ó kí òun tó kọ ọ́. Orí rẹ̀ wú. Kò gbé ojú sókè wo yúnífọ́ọ̀mù tí ó wà ní ìpẹ̀kun okùn títí ó fi kọ lẹ́tà náà tán.

Nígbà tí ó kà á sétígbọ̀ọ́ Bàbá, tí ó dé ibi "Ọ̀gá Omi," Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti ilé ìwòsàn dé. Ó gba ìwé náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó sì gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, onígbàjámọ̀ mú abẹ rẹ̀ wá. Wọ́n fa ewé náà tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Onígbàjámọ̀ ń gé igi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń nu abẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé ibi tí inú igi náà ti funfun mọ́. Orí ewé náà àti ewé mẹ́ta péré ni ó ṣẹ́ kù. Ó ní kí ó fi wọ́n sí ibi tí oòrùn kò ti kan wọ́n gan-an fún ọjọ́ márùn-ún, kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ, kí ó tó gbé wọn lé yanrìn àti okúta wẹ́wẹ́ nínú ìkòkò tí a lu nídìí. Ó ní kí ó má ta omi sí i títí yóò fi ta gbòǹgbò. Alágbàfọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, gbòǹgbò tín-tìn-tín, pupa bí òwú ìránṣọ, yọ nídìí orí ewé náà, ọmọ ewé tí kò ju orí ìṣáná lọ sì yọ lára ọ̀kan nínú àwọn ewé mẹ́ta.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí fèsì. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ń jókòó, tí ó ń sọ ohun tí alágbàfọ̀ yóò kọ sí ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun: pé eékún òun ti ń rọ̀, pé onígbàjámọ̀ ti fẹ́ fá etí òun lọ, pé kí ó máa wọ aṣọ tí ó nípọn. Alágbàfọ̀ ń kọ wọ́n, ó ń lẹ̀ wọ́n, ó sì ń kó wọn sínú àpò kóòtù tí ẹni tí ó ni ín kò padà wá gbà. Ó ń kọ èsì pẹ̀lú. Lẹ́tà márùn-ún ni ó kọ. Kò ṣòro fún un mọ́. Ohun tí ó ń dẹ́rù bà á gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ń wá fúnra wọn. Ní ọjọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ oníbàárà kan, onígbàjámọ̀ sì yọjú láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

"Àbúrò yín ni mo rò pé mo gbọ́," ni ó wí. Kò fi ṣe àwàdà.

Ní Àbámẹ́ta kẹfà, Bàbá ní kí ó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí òun bá ti sọ ọ́.

"Kọ ọ́ pé: ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà, láàárọ̀ ọjọ́ tó ò ń lọ, mo bẹ̀ ọ́ kó o dárí ẹ̀ jì mí. Kó o sọ fún mi bóyá o ti dárí jì mí, àbí o ò tíì dárí jì mí. Má fi nǹkan mìíràn kún un."

Alágbàfọ̀ dá bírò dúró. Ó béèrè ọ̀rọ̀ tí ó sọ.

"Mo ní kó dúró síbí ṣiṣẹ́, ó kọ̀. Mo ní kó máa lọ, kó má wọlé mi mọ́ àfi bí mo bá ránṣẹ́ pè é." Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò ránṣẹ́. Mo ń retí pé kó kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ó wá gba òkè òkun lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni alágbàfọ̀ fi tẹ́ ìwé òfìfo sórí tábìlì. "Mo ti dárí jì yín, Bàbá." Kò gùn. Ohùn àbúrò rẹ̀ tilẹ̀ ti wà ní ẹnu bírò, ó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kàndínlógún tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò tí ì gbé aṣọ ẹnì kan fún ẹlòmíràn rí, ìbáà jẹ́ áńkáṣíìfù. Ìdáríjì yìí ní ẹni tí ó ni ín. Kì í ṣe òun. Bàbá sì ń béèrè ní àràárọ̀ bóyá lẹ́tà ti dé, ó ń ti oúnjẹ sẹ́yìn láìfọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ sì ń jìn sínú.

Ní ọjọ́ kẹrin, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó bẹ onígbàjámọ̀ kí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bí ó bá di pé ọkọ̀ ni wọn yóò nílò. Ó gbé oògùn Bàbá àti omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, kò sí lókè òkun."

Bàbá ń wò ó.

"Kò sí mọ́, Bàbá. Ìgbà tẹ́ ẹ wà nílé ìwòsàn ni."

Ẹnì kan ń béèrè níta bóyá aṣọ òun ti gbẹ, onígbàjámọ̀ sì ń sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ó padà wá ní ọ̀la.

"Ta ló kọ lẹ́tà?"

"Èmi ni."

"Ọ̀gá Omi ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Mi ò mọ bó ṣe dé ọwọ́ mi."

Bàbá di orí ọ̀pá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ó wá pa ọ̀rọ̀ mi mọ́ dé ojú ikú. Kò padà wá."

"Ó ń bọ̀, Bàbá." Alágbàfọ̀ kò mọ̀ pé òun ti ń sunkún. "Èmi ni mo pè é lórí fóònù pé ara yín ò yá. Ó ní òun ń bọ̀ kíá, kí n má sọ fún yín, kẹ́ ẹ kàn rí òun. Ojú ọ̀nà ilé ni ọkọ̀ wọn ti dojú dé."

"Láìjẹ́ pé mo ránṣẹ́?"

"Láìjẹ́ pé ẹ ránṣẹ́."

Èjìká Bàbá sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí a gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó rí ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ká ní ó gbọ́ tèmi ni, ì bá wà láàyè."

"Ká ní mi ò pè é náà ni, Bàbá."

Bàbá mu oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò dáṣẹ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá Kékeré bínú, kò sì tẹ ẹnu ọ̀nà wọn fún odidi oṣù kan.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ni Bàbá ń béèrè ní àràárọ̀ bí alágbàfọ̀ bá gbé tíì fún un. Aago mélòó ni ọkọ̀ gbéra? Kí ni ó gbé dání? Ta ni ó gbé e jáde nínú ọkọ̀? Ohun tí alágbàfọ̀ mọ̀, ó ń sọ. Ní àárọ̀ kan, Bàbá béèrè bóyá ọmọ náà sùn nínú ọkọ̀ ni, tàbí ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀.

Èsì náà dé sí alágbàfọ̀ lẹ́nu lọ́gán, pẹ̀lú ohùn àbúrò rẹ̀, ó pé pérépéré, ó sì dùn-ún gbọ́: mo sùn, Ọ̀gá Omi, mi ò mọ nǹkan kan. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ó dúró títí ohùn náà fi rọlẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ni ó wí.

Bàbá mi orí, ó sì gba tíì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.